Níbo Ni Èrò Yóò Ti Bọ́ọ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí Ojú Irin, Oríta àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ojú irin ní ìlú tí kò sí ojú irin. Bí mo ṣe ń wọlé ni bàbá kan dá mi dúró, tí wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ló kàn wá nínú rélùwéè?” Mo ní ó kàn wá, bàbá, ẹ jókòó ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí irin rárá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya gárééjì.

Ní ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Màmá àgbà kan ló jókòó tì mí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń lọ, àpò gààrí wọn méjì sì wà nínú búùtù. Ìbàdàn Gárééjì ni ọkọ̀ já wa sí. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ Gárééjì ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ sì dọwọ́ ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ wo àpò méjèèjì, ó ní òun ò lè gbé màmá pọ̀ mọ́ ẹrù. Ni màmá bá gba ọ̀kadà méjì, ọ̀kan fún gààrí, ọ̀kan fún ara wọn. Mo dúró, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Màmá ò wo iwájú rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n yíjú sí, wọ́n di èjìká ọlọ́kadà mú lọ́wọ́ kan, wọ́n ń fojú wá ọ̀kadà tó gbé gààrí, kó má lọ yà bàrá sí kọ̀rọ̀ kan.

Ìrìn tó wà láàárín gárééjì kan sí èkejì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa Èkó, nípa Lọ́ńdọ̀nù, nípa ayé ìjọba amúnisìn, ìrìn màmá yẹn náà ni mò ń sọ. Ọ̀nà méjì lè pàdé kí èrò má pàdé ọkọ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń rí níbi tí ojú irin méjì bá ti dábùú ara wọn. Mọ́tò lè yà, ó lè dúró kí ẹlòmíràn kọjá. Ọkọ̀ ojú irin ò lè yà, kì í sì í tètè dúró. Awakọ̀ á ti tẹ bíréèkì tipẹ́ kó tó dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, ní ìlú tí ọkọ̀ bá ti ń lọ tó ń bọ̀ léraléra, wọn kì í fẹ́ kí irin méjì gba orí ilẹ̀ kan náà kọjá. Wọ́n á gbé ọ̀kan gorí afárá, èkejì á gba abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dára fún ọkọ̀. Ṣùgbọ́n èrò tó bọ́ọ́lẹ̀ lókè, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ìsàlẹ̀ ńkọ́? Àtẹ̀gùn mélòó ló máa sọ̀? Ṣé òrùlé wà lórí rẹ̀ tí òjò bá dé? Kí ni kí arúgbó ṣe, kí ni kí aboyún ṣe, kí ni kí ẹni tó ru ẹrù ṣe?

Stéṣọ̀n tí wọ́n bá kọ́ síbi tí irin méjì ti dábùú ara wọn, kí èrò lè bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kan kó wọ òmíràn, òun ni mò ń pè ní stéṣọ̀n ìpààrọ̀. Ọ̀kan wà ní Berlin, olú-ìlú Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ostkreuz, èyí tí kò ju “oríta ìlà-oòrùn” lọ ní èdè tiwọn. Láti 1882 ló ti wà. Irin tó yí ìlú po gba òkè, irin tó la ìlú já gba ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un kọ́ lákọ̀tun, 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, 2018 ni wọ́n tó parí, nítorí pé bí birikìlà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ọkọ̀ ń kọjá, tí èrò sì ń rọ́ wọlé rọ́ jáde. Ọdún méjìlá gbáko! Ẹni tó bá gbé stéṣọ̀n síbi tí kò yẹ, kì í ṣe òun ló máa jẹ gbèsè rẹ̀, ọmọ ọmọ ni.

Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, àkókò ló kàn. Ká ní ogún ìṣẹ́jú síra ni ọkọ̀ ń dé. Ká ní ìrìn láti pèpéle tí èrò ti bọ́ọ́lẹ̀ dé pèpéle kejì gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ọkọ̀ kejì sì máa ń ṣí ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí tàkọ́kọ́ bá dé. Ìṣẹ́jú kan péré ni èrò fi ń pàdánù rẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ló sì máa fi dúró de òmíràn, lójoojúmọ́ ayé. Lórí ìwé ẹni tó ṣètò àkókò, ọkọ̀ méjèèjì ò pẹ́ rárá. Ẹni tó ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn nìkan ló mọ ohun tójú rẹ̀ ń rí.

Èmi mọ̀ ọ́n. Mo gbé ní Hackney, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, fún ọdún mélòó kan kí 2015 tó dé. Àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Kò sí àárọ̀ tí mi ò ní kí ẹnìkan “ẹ kú iṣẹ́” lórí pèpéle. Irin méjì dábùú ara wọn ní àdúgbò yẹn, ọ̀kan gba orí èkejì kọjá. Èyí tó ń ti Liverpool Street lọ sí àríwá ń dúró ní Hackney Downs. Èyí tó ń ti Stratford lọ sí ìwọ̀-oòrùn ń dúró ní Hackney Central. Stéṣọ̀n méjèèjì sún mọ́ra débi pé ẹ lè dúró ní ọ̀kan kí ẹ máa gbọ́ ìró ọkọ̀ ìkejì. Síbẹ̀, kí èèyàn tó ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ó ní láti jáde sí títì, kó rìn yí po, kó tún gun àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ọ́fíìsì ni mò ń lọ nígbà náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú òtútù. Àìmọye ìgbà ni mo wà lórí títì yẹn tí mo gbọ́ ọkọ̀ mi tó ń kọjá lókè orí mi.

Ìgbà tí mo ti padà sílé ni mo tó kà nípa ìtàn ibẹ̀, ó sì dùn mí. Láti 1885 ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti wà láàárín stéṣọ̀n méjèèjì! Nígbà ogun Hitler, ní 1944, ni wọ́n ti Hackney Central pa, ọ̀nà náà sì bá a lọ. Ní 1980 wọ́n tún stéṣọ̀n ṣí, wọn ò sì ṣí ọ̀nà. Ọdún 2015 ni wọ́n tó ṣe ọ̀nà tuntun síbẹ̀. Ọdún márùndínlógójì rèé tí irin fi dábùú ara wọn tí èrò ń gba títì, nítorí ọ̀nà tóóró kan báyìí.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ìjẹ̀bú mọ ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ kí Òyìnbó tó gbé irin dé. Àwọn baba wa ò ṣe ọ̀nà kí àlejò lè kọjá lọ. Wọ́n ṣe é kí àlejò lè dé ibì kan kó dúró. Ará Ìbàdàn tó ru ẹrù bọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ìlú Orù. Ní Orù ló ti máa tà, níbẹ̀ ló ti máa ra tirẹ̀, tí á fi kẹ́yìn sílé. Orí Ìjẹ̀bú ni ẹrù náà á bọ́ sí, orí Ìjẹ̀bú ló máa gbé e gba àárín ilẹ̀ wa kọjá dé etí ọ̀sà. Ní Ejìnrìn, ẹrù á kúrò lórí, á bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Èkó. Àwọn oníbodè ń gba owó bodè, àwọn pàràkòyí ń bójú tó ọjà. Láti orí bọ́ sórí, láti orí bọ́ sínú ọkọ̀: ibi tí ẹrù bá ti pààrọ̀ ẹni tó gbé e, owó á kù síbẹ̀. Ohun tó sọ ilẹ̀ wa di ọlọ́rọ̀ nìyẹn, kì í ṣe oko nìkan.

Ó tún yẹ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Ìpààrọ̀ yẹn dun àwọn mìíràn. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí Ìbàdàn ń wá ìbọn àti ẹ̀tù lójú méjèèjì, a ti ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò Èkó náà ń kùn pé ọjà òkè ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìpààrọ̀ tó yẹ kó jẹ́ kí èèyàn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, àwa sọ ọ́ di ìdènà. Mi ò sọ èyí kí n lè dá ẹni tó kógun tì wá láre. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé ẹni tó bá jókòó sí oríta gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn tó ń kọjá ń wò ó.

Gilbert Carter, gómìnà Èkó, wò ó dáadáa. Ní oṣù Kìíní 1892, wọ́n bá Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn pé ká ṣí ọ̀nà, ká yé gba owó bodè, ìjọba Èkó á máa san £500 fún wa lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn ni wọ́n fi díye lé gbogbo oríta wa. Àdéhùn náà ò tọ́jọ́. Wọ́n ní a yẹ̀ ẹ́, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún náà, lábẹ́ Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, àwọn ọmọ ogun wọn gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wọlé tàwọn tìbọn Maxim. Ojú ogun Ìmàgbọ̀n ni ọ̀rọ̀ ti parí. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló mọ̀ ọ́n dé ibẹ̀. Ohun tí a kì í sábà rò ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ní 1896 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìdó ní Èkó. Irin gba Ọ̀tà, ó gba Ìfọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, ní oṣù Kẹta 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, bí 120 máìlì. Ọ̀nà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jagun, wọn ò gbé irin gbà á.

Ó ṣẹ́ Ejìnrìn lẹ́sẹ̀. Kò kú lọ́jọ́ kan. Ọjà etí ọ̀sà ṣì ń ná fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù Ìbàdàn tó ti ní ọkọ̀ tó máa gbé e dé etí Èkó, kí ló tún fẹ́ wá ṣe lórí Ìjẹ̀bú? Òwú, epo, èkùrọ́, lẹ́yìn náà kòkó, gbogbo rẹ̀ bá irin lọ. Ìdó wá di ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bọ́ọ́lẹ̀. Ní 1902, ìjọba tún ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń ti Ìdó gba orí Afárá Carter wọ erékùṣù Èkó. Ẹni tó ti Ìbàdàn dé á bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá, á wọ kékeré, á débi tó ń lọ. Èyí ni ìpààrọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó lọ́jọ́ lórí jù tí mo mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń lò ó títí wọ́n fi pa á tì. Ẹ kíyè sí orúkọ afárá yẹn. Gómìnà tó rán ọmọ ogun wọ ilẹ̀ wa ní 1892 kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìfọ̀ náà jẹ nínú èrè ojú irin. Ní nǹkan bí ọdún 1930, wọ́n ya irin láti Ìfọ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdògò, kí kòkó àti ọjà apá ibẹ̀ lè rọ́nà dé ojú irin ńlá. Orúkọ tí rélùwéè ń pe stéṣọ̀n náà ni Ìfọ̀ Jọ́ńṣọ̀n. Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà la jọ wà pẹ̀lú Ìfọ̀ lónìí. Ojú irin yà lọ́dọ̀ tiwọn; ọ̀dọ̀ tiwa ni kò dé rí.

Kí ni Ìjẹ̀bú ṣe? A ò jókòó sunkún. A bọ́ sórí mọ́tò. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń bá rélùwéè du ẹrù débi pé ìjọba gbé owó lé àwọn onímọ́tò lórí kí irin má bàa pàdánù. Ní 1937, àwọn onímọ́tò yan iṣẹ́ lódì nítorí rẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn, ló ṣaájú wọn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Lónìí, orúkọ ẹni tó gbèjà mọ́tò lọ́wọ́ irin ló wà lára stéṣọ̀n tí irin tuntun parí sí ní Ìbàdàn. Mo rò pé inú Bàbá ò ní bàjẹ́ sí i. Kí ẹrù sá ti dé ni tiwọn. Níhìn-ín náà, Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá dá iléeṣẹ́ táyà sílẹ̀. Ìlú tí irin yẹ̀ sílẹ̀ ló wá ń ṣe táyà!

Lẹ́yìn náà, márosẹ̀ dé. Wọ́n ṣí ti Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, èyí tó ń lọ sí Benin sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, àwọn méjèèjì pàdé ní Ṣàgámù. Ẹ gbọ́ orúkọ tí gbogbo awakọ̀ ń pè é: Íńtáṣéńjì. Orúkọ ìpààrọ̀ gan-an rèé. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe pààrọ̀ níbẹ̀? Mọ́tò ni. Ó ń gun afárá, ó ń yí po, ó bọ́ sí ọ̀nà tó fẹ́, kò dúró rárá. Èèyàn tó ti Ìbàdàn bọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú, tí awakọ̀ bá ti já a sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀bá títì ló máa dúró sí, báàgì lórí, ọkọ̀ akẹ́rù ń fẹ́ ẹ lójú, kọ̀ndọ́kítọ̀ ń fà á lápá. Mo ti rí ìyàwó tó gbé ọmọ pọ̀n níbẹ̀ nínú òjò, tó fi láílọ́ọ̀nù bo ọmọ, tí òjò ń pa òun. Àwọn tó ya àwòrán oríta yẹn ò gbàgbé mọ́tò kan. Èèyàn ni wọ́n gbàgbé.

Èkó wá fẹ́ ṣe tiẹ̀ báyìí, mo sì fẹ́ kí a fojú sí i dáadáa, nítorí àwọn ló ń kọ́ ohun tí àwa náà máa kọ́ lọ́la. Kì í ṣòní ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1983, nígbà ayé Alhaji Látẹ́ẹ̀fù Jákàńdè, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú lélẹ̀ ní Èkó. Ní 1985, ìjọba ológun fagi lé e, owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là sì ṣòfò. Ó ṣì ń dùn mí. Nǹkan bí ogójì ọdún tí èèyàn fi jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló wà nínú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ sí.

Nígbà tó wá yá, irin méjì dé. Ti aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, stéṣọ̀n márùn-ún: Marina, ibi Gbọ̀ngán Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú, Orílé, Alábà, Mile 2. Iná mànàmáná ló ń fi sáré, ó sì gba orí ọ̀sà wọ erékùṣù. Ti aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2024, láti Àgbàdo dé Ọ̀yìngbò, kìlómítà 27, stéṣọ̀n mẹ́jọ: Àgbàdo, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin, Yábàá, Ọ̀yìngbò. Díṣẹ́ẹ̀lì ló ń mu, ó sì ń lo ojú irin kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021. Àwọn ọkọ̀ Talgo tí wọ́n rà fún un, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe wọ́n fún, tí àwọn yẹn ò sì lò wọ́n.

Wọ́n ṣe àwọn nǹkan tó wú mi lórí. Káàdì Cowry kan náà lẹ ó fi wọ méjèèjì, ẹ ò ní máa wá ṣéńjì. Wọ́n kọ́ afárá fún mọ́tò ní Ìkẹjà, ní Múṣin, ní Yábàá, ní Ọ̀yìngbò, kí ọkọ̀ ojú irin àti dánfó má bàa máa kọlu ara wọn lójú títì. Stéṣọ̀n Òṣòdì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2019, tí mọ́tò ìlú mìíràn ti ń gbéra.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nínú àwòrán tí wọ́n yà, irin pupa náà ní láti dé Marina, kó pàdé búlúù. Nígbà tí wọ́n sì ṣí i, Ọ̀yìngbò ló parí sí. Irin méjì, ìlú kan, káàdì kan, tí èrò ní láti wọ bọ́ọ̀sì láàárín wọn. Ẹni tó ti Agége fẹ́ lọ Alábà á bọ́ọ́lẹ̀ ní Ọ̀yìngbò, á jáde sáàárín ọjà, á wá ọkọ̀ lọ sí Ìgànmú tàbí Marina, á wá tún wọ irin. Hackney ni mo rí. Mi ò bá àwọn tó kọ́ ọ jà. Ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn irin wọ̀nyẹn ná wọn ò ní dá wọn lẹ́bi pé wọn ò ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi kékeré tó kù yẹn, òun gan-an ni ìrìn àjò náà fún ẹni tó ń rìn ín.

Ẹ sì wo tiwa níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá wọ ọkọ̀ ní Lagos Gárééjì láàárọ̀ yìí, ibo ni wọ́n ń já a sí? Bẹ́gà, Kẹ́tù, Ọ̀jọ́ta, Mile 12. Ọ̀kankan nínú wọn kò sí lára stéṣọ̀n mẹ́jọ tí mo kà. Kó tó dé orí irin pupa ní Ìkẹjà tàbí Òṣòdì, ó di dánfó mìíràn. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ onímọ́tò wa jókòó lórí èyí: ṣé a ò lè ní ọkọ̀ púpọ̀ sí i tí á máa wọ Òṣòdì tààrà, kó já èrò sí ẹsẹ̀ irin? Èyí ò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2014, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà fún ojú irin etí òkun, láti Èkó dé Kàlàbá, kìlómítà 1,402, stéṣọ̀n 22, dọ́là bílíọ̀nù 11.97. Àwọn ìlú tí wọ́n kà sílẹ̀ fún un rèé láti ìbẹ̀rẹ̀: Èkó, Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀, Benin. Orúkọ wa wà níbẹ̀. Irin kankan ò tíì wọ ilẹ̀ wa títí di bí mo ṣe dúró yìí, ọ̀pọ̀ yín ló sì ti sú. Bàbá tó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú wọn nìyẹn. Èmi ń wò ó pé àsìkò tí irin ò tíì dé yìí gan-an ni àsìkò ọ̀rọ̀ wa. Tí katakata bá ti wọ igbó, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ohun méjì ni kí a máa béèrè. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ò gba Ṣàgámù. Àgbàdo, Kájọlà, Pápálàńtò, Abẹ́òkúta ló gbà. Irin tó bá máa ti Èkó wá bá wa gbọ́dọ̀ yà lára rẹ̀ níbì kan, tàbí kó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tó bá ti yà, ibẹ̀ ni ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń lọ Abẹ́òkúta, olú-ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀, yóò ti máa pààrọ̀ ọkọ̀. Ṣé stéṣọ̀n ìpààrọ̀ máa wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ méjèèjì á jọ dúró, àbí ká kàn máa fojú rí ọkọ̀ Abẹ́òkúta láti ojú fèrèsé?

Ìkejì le jù. Níbo ni stéṣọ̀n Ìjẹ̀bú-Òde máa wà? Ẹ wo Ìbàdàn. Stéṣọ̀n 1901 wà ní Dùgbẹ̀, àárín ìlú, ọjà ló yí i ká. Ti 2021 wà ní Mọ́níyà, lẹ́yìn odi. Ẹ wo Abẹ́òkúta. Ti àtijọ́ wà ní Láfẹ́nwá, tuntun wà ní Ladérin. Mo mọ ìdí: ilẹ̀ ìta ìlú pọ̀, kò sí ilé tí wọ́n máa wó, kò sí ẹni tí wọ́n máa san owó gbà-máà-bínú fún. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́níyà rí lálẹ́, mo ń lọ sí Mọ́lété, ohun tí mo san fún takisí ń ká mi lára títí di ìsinsìnyí. Tí wọ́n bá gbé tiwa sí ẹ̀bá márosẹ̀ nínú pápá, tí gárééjì mẹ́ta sì wà níbi tí wọ́n wà, a ó wá ní mẹ́rin tí kò mọ ara wọn. Lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, tí gbogbo ayé bá rọ́ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó.

Mo mú àwòrán ilẹ̀ ìlú wa kan dání wá. Ó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo ti fi bírò pupa yí Lagos Gárééjì, Ìbàdàn Gárééjì àti Ẹ̀pẹ́ Gárééjì ká, mo sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so Ìbàdàn Gárééjì mọ́ Ẹ̀pẹ́ Gárééjì, ọ̀nà tí màmá onígààrí gbà lọ́jọ́ náà. Mi ò fi àmì stéṣọ̀n kankan sí i. Bírò búlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, kí kálukú fi àmì síbi tó bá rò pé ó yẹ kí ọkọ̀ ojú irin ti já màmá yẹn sílẹ̀ tàwọn tàpò méjèèjì, tí wọn ò fi ní wá ọlọ́kadà. Àwọn ìgbìmọ̀ tó pè mí wá ti ṣèlérí pé àwọn á fi àwòrán náà ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ìyálọ́jà kọ́kọ́ mú bírò.